Bàbá Ẹ-Fọwọ́-Yín

Jímọ̀ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí i. Àjàní ni oríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ Ọ̀fà lọ́dún 1989, tí ẹ ní Jímọ̀ Àjàní kápẹ́ńtà lẹ ń wá, ẹni tí ẹ bi lè máa họrí. Ẹ ṣáà ní Bàbá Ẹ-Fọwọ́-Yín, wọn á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wa àti ilé rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, apá kan rẹ̀ ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin bí ọkùnrin yòókù ni. Ó ń ṣe ìlẹ̀kùn, ó ń ṣe fèrèsé, ó ń kan bẹ́ẹ̀dì fún ìyàwó tuntun. Iwájú ilé rẹ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, eruku pákó sì máa ń bo gbogbo wa ládùúgbò. Ó ti mọ́ wa lára. Kò dáná rí láyé rẹ̀. Bí Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ bá lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Òjòkú, gaàrí ni Jímọ̀ máa ń mu láàárọ̀, á tún mu ún lálẹ́, títí obìnrin náà yóò fi dé. Ọmọbìnrin méjì ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà náà. Àṣàkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ràfátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kì í dákẹ́. Bó bá ń ti ilé-ìwé bọ̀, ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ àdúgbò kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ.

Ohùn yẹn ni a kọ́kọ́ ṣàfẹ́kù. Ní àárín ọdún 1987, Ràfátù bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ ti ilé-ìwé bọ̀, á sì lọ sùn láìjẹun. Àmì dúdú-dúdú ń yọ sí i lẹ́sẹ̀ àti lápá bí ẹni tí wọ́n nà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kan, imú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ nínú kíláàsì, ẹ̀jẹ̀ náà kò dá. Olùkọ́ rẹ̀, Tíṣà Akínwándé, tí òun náà ń gbé ládùúgbò wa, gbé e sínú mọ́tò ìjàpá rẹ̀, ó sì wà á lọ sí ọsibítù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún rí bákan náà. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n kọ̀wé fún wọn pé kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìlọrin.

Dókítà tó rí wọn ní Ìlọrin kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó ti abẹ́rẹ́ bọ egungun ìbàdí ọmọ náà, ó fa ohun tó wà nínú rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì pe Jímọ̀ àti Àrìnpé jókòó. Ó ní inú egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, nínú mùdùnmúdùn, irú èyí tí a máa ń fà mu nínú egungun ẹran. Mùdùnmúdùn ti Ràfátù ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí i lára dà bí ìgbà tí kànga gbẹ, tí a wá ń fi garawa pọn omi dà sínú rẹ̀. Ó ní ohun tó lè wò ó sàn ni kí wọ́n gba mùdùnmúdùn lára ẹlòmíràn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu, kí wọ́n fi rọ́pò èyí tó ti kú. Wọn kì í ṣe é ní Nàìjíríà nígbà náà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń ṣe é.

Jímọ̀ sọ fún mi pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí dókítà náà sọ, "wò ó sàn" nìkan ni òun gbọ́, òun sì dì í mú ṣinṣin.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Asiata, ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Òun ló bá àwọn dókítà ọsibítù kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ gbogbo ilé ránṣẹ́. Ti bàbá kò bá a mu, ti ìyá kò bá a mu. Ti Àṣàkẹ́ ló bá a mu rẹ́gí, bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ Ọ̀fà, àtilé àtoko, ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù àti onígbàgbọ́, ló dá owó jọ fún ìrìn àjò náà, tí ó fi ṣeé ṣe.

Ta ni yóò mú àwọn ọmọ náà lọ? Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú Àrìnpé, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Ó di dandan kí Jímọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Àrìnpé pè é sí kọ̀rọ̀ ilé, ó ní:

"Bàbá Àṣàkẹ́, ohun tí mo máa ń ṣe fún un, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é báyìí. Ẹ má fi sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì nìkan."

Jímọ̀ ní òun gbọ́. Ó mú ìró Àrìnpé kan dání láti fi bo ọmọ. Oṣù Kejì ọdún 1988 ni wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù, òtútù sì mú un débi pé ìró náà ni òun fúnra rẹ̀ ń wé mọ́ra lábẹ́ kóòtù.

Àwọn dókítà ibẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ láti ẹnu bàbá rẹ̀. Wọ́n pe ọmọ náà gan-an, wọ́n ní kí Asiata bi í ní Yorùbá bóyá ó fẹ́ kí wọ́n fa mùdùnmúdùn lára òun fún àbúrò rẹ̀. Àṣàkẹ́ ronú díẹ̀, ó béèrè pé:

"Ṣé wọ́n á ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi?"

Asiata ṣàlàyé fún un pé díẹ̀ ni wọ́n máa mú, pé kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ yóò fi ṣe òmíràn. Àṣàkẹ́ ní kí wọ́n mú un nígbà náà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi fa oògùn líle sí Ràfátù lára láti fi palẹ̀ èyí tó ti kú mọ́. Yàrá kan lọ́tọ̀ ni wọ́n fi í sí, ẹni tó bá máa wọlé yóò wọ aṣọ ọsibítù, yóò sì bo imú àti ẹnu rẹ̀. Nígbà tó ṣe, irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re. Láràárọ̀, kí ọmọ náà tó jí, Jímọ̀ á ti ṣa irun tó wà lórí ìrọ̀rí, á sọ ọ́ nù kó má baà rí i. Lọ́jọ́ kan, Ràfátù jí ṣáájú rẹ̀, ó ti fọwọ́ kó irun náà jọ, ó ní, "Daddy, ẹ gbà, iṣẹ́ yín ti òní nìyí." Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nìyẹn, àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ náà pé. Láàárọ̀, wọ́n gbé Àṣàkẹ́ lọ, wọ́n kùn ún lóorun, wọ́n fa mùdùnmúdùn láti egungun ìbàdí rẹ̀. Jímọ̀ jókòó ti Ràfátù, ó ń retí pé wọ́n máa wá gbé ọmọ náà lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n wá la egungun rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì Evelyn wọlé pẹ̀lú àpò kan tí ohun pupa wà nínú rẹ̀. Ó gbé e kọ́ bí wọ́n ti ń gbé dírìpù kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí ọmọ náà lára. Jímọ̀ bi Asiata pé ìgbà wo ni iṣẹ́ abẹ náà máa bẹ̀rẹ̀. Asiata ní iṣẹ́ náà ló ń wò yẹn. Ó ní mùdùnmúdùn náà mọ ilé rẹ̀, pé yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ wá ọ̀nà dé inú egungun fúnra rẹ̀.

Jímọ̀ kò gbà gbọ́ títí ohun tó wà nínú àpò náà fi tán.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e nira. Egbò bo ẹnu Ràfátù, ara rẹ̀ gbóná, kò lè gbé itọ́ mì. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì yìí náà ni Jímọ̀ lọ ilé-ìwé. Nọ́ọ̀sì Evelyn ló kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ bí a ti ń wọn ìgbóná ara, bí a ti ń fún ọmọ lóògùn ní wákàtí rẹ̀ láìfi ìṣẹ́jú ṣeré, bí a ti ń fọ ẹnu tó dégbò láìjẹ́ kó ṣẹ̀jẹ̀. Ó kọ́ ọ bí a ti ń fọ ọwọ́, láti orí ìka dé ìgúnpá. Jímọ̀ ní kí Asiata bá òun sọ fún un pé láti kékeré ni òun ti ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ òun nípa ọwọ́ fífọ̀. Evelyn ní ó dára púpọ̀, kó ṣáà fi ọṣẹ kún un.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, dókítà wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ ya dé etí. Asiata túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀: mùdùnmúdùn Àṣàkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú egungun Ràfátù, ẹ̀jẹ̀ tuntun ti ń jáde. Jímọ̀ dìde. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ibi tó rò pé ìlà oòrùn wà, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí obìnrin ará Ghana kan tó ń nu ilẹ̀ rí i, tó rò pé ó ṣubú, tó sì figbe bọnu. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta sáré dé pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì oníkẹ̀kẹ́. Jímọ̀ dìde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ̀ wọ́n ní Yorùbá.

Ọjọ́ kejì ni Ràfátù ní òun fẹ́ jẹ ọ̀dùnkún. Ọmọ Ọ̀fà ni, ìlú tí ọ̀dùnkún ti pọ̀, kí la fẹ́ kó béèrè? Jímọ̀ kò mọ ọjà, kò mọ òyìnbó, ṣùgbọ́n ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wá ọjà àwọn ará Jàmáíkà kàn, ó nàka sí ọ̀dùnkún. Ilé ìdáná Asiata ló ti sè é, ó bó o, ó gún un kúnná nítorí egbò ẹnu. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tó sè láyé rẹ̀ nìyẹn, ọmọ ogójì ọdún ó lé méjì. Síbí méjì péré ni Ràfátù jẹ, ó ní iyọ̀ kò tó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó jẹ odindi àwo kan.

Nígbà tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù lọ sí ilé Asiata, Àrìnpé ti bímọ lọ́kùnrin ní Ọ̀fà. Jímọ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀ kó tó lọ: bó bá jẹ́ ọkùnrin, Abdulganiyu. Ẹnìkan tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá, inú rẹ̀ ni wọ́n ti gba ohùn gbogbo ilé sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Àlùfáà ń ṣàdúrà, Àrìnpé ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ tuntun sì ń ké kíkankíkan lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ràfátù kò gbọ́ àdúrà, kò gbọ́ ìkíni. Igbe yẹn ló máa ń dá padà gbọ́, á ní ohùn ọmọ yìí ju tòun lọ, pé tí òun bá délé àwọn á jọ díje. Ó yí kásẹ́ẹ̀tì náà títí tó fi já.

Jímọ̀ náà gba ohùn tirẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi ránṣẹ́ sílé. Èyí ṣojú mi, nítorí a jọ gbọ́ ọ ní pálọ̀ wọn ni. Lẹ́yìn ìkíni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin. Kí wọ́n kó gbogbo pákó kúrò níwájú ilé, kó má ku ẹyọ kan. Kí wọ́n kun yàrá Ràfátù ní ọ̀dà tuntun, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé. Kí wọ́n lé ewúrẹ́ àti adìẹ jìnnà. Kí wọ́n ra ìkòkò ńlá méjì tí wọ́n á máa fi se omi mímu. Ìyá Jímọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá àgbà, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, ní òtútù Lọ́ńdọ̀nù ti kọlu ọmọ òun. Ọjọ́ kejì ni Àrìnpé ti wá àwọn tó kó ìsọ̀ ọkọ rẹ̀ kúrò, tábìlì iṣẹ́, ayùn, pákó àti gbogbo rẹ̀, lọ sábẹ́ igi máńgòrò kan lójú ọ̀nà Ìjàgbó. Ọdún mọ́kànlá ni ìsọ̀ náà ti wà níwájú ilé. Ilẹ̀ mọ́ sí wa, a rí i pé ilé wọn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Eruku ti bò ó láti ọjọ́ pípẹ́.

Oṣù Kẹjọ ni wọ́n dé. Tíṣà Akínwándé ló lọ pàdé wọn ní Èkó pẹ̀lú ìjàpá rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti pé síwájú ilé. Ràfátù sọ̀ kalẹ̀, ó tinrín, ìbòmú wà lẹ́nu rẹ̀, irun orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù bí ti ọmọ ọwọ́. A fẹ́ rọ́ lọ bá a. Jímọ̀ na ọwọ́ méjèèjì, ó dì wá lọ́nà. Lẹ́nu ọ̀nà, Àrìnpé ti bá a gbé àpótí kan kalẹ̀, bútà omi kan wà lórí rẹ̀, ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bútà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ yín."

Ìyá àgbà ló wà níwájú. Ó wo ọmọ rẹ̀ lókè délẹ̀, ó ní ṣé òun tí òun bí i, tí òun fi ọwọ́ yìí nù ún nídìí, ni ó ń sọ fún pé ọwọ́ òun dọ̀tí. Jímọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú aṣọ Lọ́ńdọ̀nù lọ́rùn, ó ní:

"Ìyá mi, ọwọ́ yín kò dọ̀tí. Ara ọmọ yìí ni kò tíì lágbára. Bí ọmọ tuntun ló rí, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́fà lọ. Ṣé ẹ kì í fọwọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ tuntun ni?"

Ìyá àgbà rò ó títí. Ó na ọwọ́ méjèèjì jáde, Jímọ̀ fúnra rẹ̀ bu omi sí i, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún un láti ìka dé ìgúnpá. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà wọlé, ó jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì fọwọ́ pa orí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun ló gba ipò ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bútà, kò sì sí ẹni tó ń rékọjá rẹ̀. Alhaji kan tó wá kí wọn ní kò sóhun tó ṣe ọwọ́ òun, mọ́ṣáláṣí ni òun ti ń bọ̀. Ìyá àgbà ní Ọlọ́run á gba ìrun rẹ̀, kó ṣáà fọwọ́. Ó fọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde, Ilé Ẹ-Fọwọ́-Yín, kó tó di ti Jímọ̀ fúnra rẹ̀.

Àṣà ilé náà yí padà pátápátá. Jímọ̀ ló ń dáná Ràfátù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a ṣe é, nítorí ó ní òun ni Evelyn kọ́. Àrìnpé ń tọ́ Abdulganiyu, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń fẹ́ná. Omi mímu á hó dáadáa kó tó tutù. Èso tí a kò bó kì í wọlé. Ní aago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́, oògùn. Lọ́jọ́ Sunday, oògùn ibà. Ó ń wọn ìgbóná ara ọmọ náà láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fa ìlà sí pákó kọ ọ́ sára ògiri tuntun. Lẹ́yìn náà, á lọ wẹ̀ kó lè lọ síbi iṣẹ́, bó bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, á tún wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ, kí eruku pákó má baà tẹ̀ lé e wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ti sọ ọ́ di ìyàwó ilé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ọbẹ̀ òun sì dára ju ti ìyàwó wọn lọ. Mo jẹ ọbẹ̀ náà rí. Kò parọ́ púpọ̀.

Ràfátù kò tíì lè lọ sí ilé-ìwé, wọ́n ní ó di ọdún kan kó tó wọ inú èrò. Tíṣà Akínwándé ní ìyẹn kò gbọdọ̀ dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé, á wá dúró sẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì wà láàárín wọn, á gbé pátákó kékeré dání, á máa kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ń tẹ̀ lé Tíṣà wá. Wọ́n á jókòó sórí ilẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, Ràfátù á máa dáhùn ìbéèrè láti inú yàrá. Ohùn rẹ̀ ti padà nígbà yẹn. Bí Tíṣà bá bi ẹlòmíràn léèrè ìṣirò, Ràfátù á ti pariwo ìdáhùn látinú ilé, Tíṣà á ní kó sinmi.

Lóṣooṣù, wọ́n ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní Ìlọrin. Ìgbà kan, ọkùnrin tó wà ní yàrá àyẹ̀wò jáde wá bá wọn, ó ń bínú. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa, pé káàdì àtijọ́ sọ pé A ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí, èyí tí òun fà sì jẹ́ O, pé ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n gbé wá. Jímọ̀ ní òótọ́ ni káàdì sọ, òótọ́ sì ni ẹ̀jẹ̀ sọ, pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ṣàn nínú rẹ̀ báyìí. Ọkùnrin náà lọ pe dókítà. Nígbà tí dókítà ṣàlàyé fún un, ó padà wá, ó sì béèrè bóyá òun lè bọ ọmọ náà lọ́wọ́. Ràfátù ní kó lọ fọwọ́ rẹ̀ ná.

Nílé, Àṣàkẹ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà sùn. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ wá rí èyí tó lè sọ. Bí àwo bá wà nílẹ̀ tí a kò tíì fọ̀, á ní kí ẹni tó ń lo ẹ̀jẹ̀ òun dìde lọ fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ̀rù bà wá. Ọjọ́rú kan ni, nínú oṣù Kẹwàá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́sàn-án. Jímọ̀ wọn ìgbóná ara Ràfátù, ó rí i pé ó ti kọjá ibi tí Evelyn fàlà sí. Wọ́n ti sọ fún un pé lọ́jọ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó má dúró gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Kò dúró. Ó gbé ọmọ náà, ó sáré lọ sílé Tíṣà. Wọ́n wọ inú ìjàpá, ìjàpá kọ̀, kò dáhùn. Jímọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó fi èjìká tì í. Àwa tí a rí i sáré jáde, ọkùnrin, obìnrin, Àrìnpé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, a tì í nínú ẹrẹ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀nà Ìlọrin kó tó ké. Nígbà tí ó ké, ẹrẹ̀ bo gbogbo wa, kò sì sí ẹni tó dúró nu ojú.

Ibà lásán ni. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ ní Ìlọrin, Jímọ̀ sun orí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì ń ní kí àwọn nọ́ọ̀sì fọwọ́ wọn. Ó bẹ̀rù pé wọ́n máa bínú. Ọ̀gá wọn, màmá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màtírọ́ọ̀nù Susannah, ní kó máa wí i lọ, pé láti ọdún tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni òun ti ń wá ẹni tó máa bá òun wí i.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1989, dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi lo ọ̀kankan mọ́. Wọ́n tún fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára bí ọmọ ọwọ́. Òun àti Abdulganiyu ni wọ́n jọ gbé lọ, wọ́n jọ ké. Ní oṣù Kẹsàn-án, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù padà sí ilé-ìwé. Irun rẹ̀ ti hù, ó ṣù, ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Àrìnpé sì ti dì í ní ṣùkú. Jímọ̀ sìn ín dé ẹnu géètì, kò sì lè padà. Ó dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi lu aago. Nígbà tó gbọ́ ariwo látinú kíláàsì, tó sì mọ ohùn tó wà níwájú nínú ariwo náà, ó yí padà, ó gba ọ̀nà Ìjàgbó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó bá a níbẹ̀ ní orin ló ń kọ látàárọ̀ dọ́sàn-án.

Ìsọ̀ náà kò padà síwájú ilé mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun kan dé sí i. Ó kan ohun kan fún ilé-ìwé Tíṣà: àpótí onígi gíga kan tí garawa onípáìpù máa ń jókòó lórí rẹ̀, tí bàsíà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ibi ọṣẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọ lè máa fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ilé-ìwé mìíràn rí i, wọ́n ní kó kan tiwọn. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, láti Òjòkú, láti Ìjàgbó. Ó lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé pàápàá, bí ìjà ilẹ̀ tilẹ̀ wà láàárín ìlú náà àti Ọ̀fà, ó lọ fi bí a ti ń fọ ẹnu tó dégbò han ìyá kan tí oògùn jẹjẹrẹ dégbò sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní Evelyn kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ òun kó tó kọ́ òun, òun náà kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnìkan.

Ní ọdún 1998, Ràfátù wà ní Pólì ní Ọ̀fà. Ọdún náà ni wọ́n ṣe eré ìdárayá láàárín àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ó sì wà lára àwọn obìnrin tó máa sá eré irinwó mítà. Gbogbo ilé lọ wò ó: Àrìnpé, Abdulganiyu tó ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá, Àṣàkẹ́ àti ọkọ rẹ̀, Tíṣà Akínwándé tó ti fẹ̀yìntì, àti èmi. Wọ́n sáré. Jímọ̀ kò jókòó. Nígbà tí wọ́n parí, ó bi Tíṣà pé ipò wo ló wà. Tíṣà ní ẹkẹta.

Jímọ̀ béèrè pé, "Nínú mélòó?"

"Nínú mẹ́jọ."

Ó ń tún un sọ, "ẹkẹta nínú mẹ́jọ", fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀, títí dé orí àwọn òbí ọmọ tó ṣe ìkíní. Nísàlẹ̀ pápá, Ràfátù tẹ̀ síwájú, ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, òógùn bo ojú rẹ̀, ó ń jà pẹ̀lú adájọ́ eré pé ẹkejì ni òun ṣe.